Ṣé kí n dúró de RAM tuntun tó ń bọ̀?

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mo wà, fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú àgbà ni mo máa ń gé. HP EliteBook 840 G3 tòkunbọ̀ ni mo ń lò, processor i5, RAM 8GB, hard disk 500GB. Tí mo bá ti kó fídíò mẹ́ta sójú kan báyìí, ẹ̀rọ náà á dákẹ́ bí ẹni tó sùn lọ. Mo ti tọ́jú owó díẹ̀ láti fi RAM kún un, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má náwó lé DDR4 mọ́. Ó ní DDR6 ń bọ̀, pé ó máa yára ju èyí lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, kí n ní sùúrù kí n rà á sínú ẹ̀rọ mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé kí n dúró?”

Mo gbọ́ ẹ, àbúrò mi, o kú làálàá. Ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù yé mi. Owó tí èèyàn fi òru àìsùn kó jọ, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ fi ra nǹkan tí ọjà máa pa tì lọ́túnla. Ọ̀rẹ́ rẹ kò sì parọ́ fún ọ. RAM ni ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, DDR4, DDR5 àti DDR6 sì ni orúkọ àwọn ìran rẹ̀. Ìran tuntun ń bọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó dorí ìmọ̀ràn náà kodò. Ó ní kí o dúró de RAM. Èmi á ní RAM ni kí o rà báyìí, ẹ̀rọ ni kí o dúró dè. Wàá rí ìdí rẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ pé wàá ra DDR6 sínú ẹ̀rọ rẹ kúrò nílẹ̀. Kò lè wọ̀ ọ́. Ìran RAM kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tirẹ̀ lára motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú ẹ̀rọ so mọ́. Ti láptọ́ọ̀pù, DDR3 ní ẹsẹ̀ 204, DDR4 ní 260, DDR5 ní 262. Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, DDR4 àti DDR5 jọ ní 288, àmọ́ ẹnu kékeré tí wọ́n gé sí abẹ́ wọn kò bọ́ sójú kan náà, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ gé e bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀kan sípò èkejì. Iná tí wọ́n ń jẹ náà yàtọ̀: 1.5 volt ni ti DDR3, 1.2 ni ti DDR4, 1.1 ni ti DDR5. Ọmọkùnrin kan gbé láptọ́ọ̀pù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù nígbà kan, ó ní láti àná ni kò ti tàn mọ́. Nígbà tí mo tú ìdí rẹ̀, RAM DDR4 ni mo bá nínú ihò DDR3. Àtàǹpàkò méjèèjì ló fi tì í wọlé tipátipá. Irin kéékèèké mẹ́ta nínú ihò náà ti tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ bí ìwọ̀ ẹja, etí ike tó ń di RAM mú ti kán sọ́wọ́ ọ̀tún. RAM tó fi bọ̀ ọ́ kò ní ìṣòro kankan. Motherboard ló lọ.

Kódà ká ní ihò gbà á, processor, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, kò ní gbà. Inú processor fúnra rẹ̀ ni ohun tó ń bá RAM sọ̀rọ̀ wà. AMD gbé e síbẹ̀ ní 2003, Intel bẹ̀rẹ̀ sí ṣe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2008. Èdè tí wọ́n bá fi kọ́ processor nílé iṣẹ́ ni yóò máa sọ títí tó fi máa kú, kò sí àtúnṣe kan tó lè fi òmíràn kọ́ ọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ń dúró de DDR6, kì í ṣe RAM ló ń dúró dè, odidi ẹ̀rọ tuntun ni, àti owó odidi ẹ̀rọ tuntun.

Ìdúró náà kì í sì í ṣe kékeré. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní JEDEC, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe chip ti ń fẹnu kò lórí bí RAM ṣe gbọ́dọ̀ rí. Àwọn ló máa ń kọ́kọ́ gbé ìwé ìlànà rẹ̀ jáde, àmọ́ ìwé kì í ṣe ọjà. Oṣù Kẹsàn-án 2012 ni ìwé DDR4 jáde. Ó di 2014 kí àwọn olówó tó rí i rà, ó sì di oṣù Kẹjọ 2015 kí processor Intel ìran kẹfà, irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ yẹn gan-an, tó gbé e dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé. DDR5 náà, oṣù Keje 2020 ni ìwé rẹ̀ jáde, oṣù Kọkànlá 2021 ni Intel gbé processor tó ń lò ó dé ọjà, AMD tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹsàn-án 2022. Nígbà tó tún dé ọ̀hún, chip kékeré tó ń ṣètò iná lára rẹ̀ di ọ̀wọ́n gógó, RAM wà lórí ìwé, kò sí lórí àtẹ. Ní ti DDR6, bí mo ṣe ń kọ èyí, JEDEC kò tíì gbé ìwé rẹ̀ jáde. Èyí tó jáde ní oṣù Keje 2025 ni LPDDR6, ẹ̀yà ti fóònù àti láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìyẹn sì ni irú èyí tí wọ́n sábà máa ń fi òjé jó mọ́ motherboard látilé. Kò ní ihò rárá. Iye tí o bá bá nínú ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ tí o rà á ni wàá máa lò títí.

N kò tíì wá sọ ti ọ̀nà tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Láptọ́ọ̀pù tí èmi àti ìwọ ń rà, púpọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, ní ọ́fíìsì ìlú Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó kó o sínú kọ̀ǹténà wá sí Èkó. Bí ẹ̀rọ DDR6 bá bẹ̀rẹ̀ sí tà ní London lọ́la, ìwọ ṣírò iye ọdún tó kù kó tó dé Ìkẹjà ní owó tápò rẹ lè gbé. Fídíò ìgbéyàwó mélòó lo máa gé láàárín ìgbà yẹn?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ “yára” tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ, òun gan-an ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí pàǹpẹ́. Fojú inú wo mọ́tò tó ń ná Òṣogbo sí Ìbàdàn. Bí wọ́n bá fi bọ́ọ̀sì gbàǹgbà rọ́pò dánfó, èrò tó máa dé Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ kan á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ìgbà tí dánfó ì bá gbé ọ dé náà ni bọ́ọ̀sì á gbé ọ dé. Òṣogbo kò torí pé bọ́ọ̀sì tóbi kó wá sún mọ́ Ìbàdàn sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni RAM. DDR3 tí wọ́n kọ 1600 sí lára lè kó 12.8GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, DDR4 tó jẹ́ 3200 ń kó 25.6GB, DDR5 tó jẹ́ 6400 ń kó 51.2GB. Èrò ń pọ̀ sí i ní ìlọ́po méjì méjì. Ṣùgbọ́n bí processor bá béèrè nǹkan kan ṣoṣo, àkókò tó máa fi dúró kí èsì àkọ́kọ́ tó jáde kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Nanosecond, ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, ni wọ́n fi ń wọn ìdúró yìí, CL sì ni àmì rẹ̀ lára RAM: nǹkan bíi mọ́kànlá ni ti DDR3 1600 tí wọ́n kọ CL9 sí lára, mẹ́wàá ni ti DDR4 3200 CL16. Àwọn DDR5 àkọ́kọ́, 4800 CL40, tiẹ̀ tún padà sẹ́yìn sí nǹkan bíi mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni 6000 CL30 ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà sí mẹ́wàá. Àwọn tó sáré ra ti àkọ́kọ́ ní 2021 rí i pé nínú àwọn iṣẹ́ kan, ẹ̀rọ DDR4 ọmọnìkejì wọn ló ń ṣáájú.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti lóye. Robert Dennard, ẹnjiníà kan ní IBM, ló ronú kan irú mẹ́mọ́rì tí gbogbo wa ń lò yìí ní 1966, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1968. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yàrá inú rẹ̀ dà bí ìkòkò kékeré tó ń jò. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ó dúró fún ení. Bí kò bá sí, ó dúró fún òfo. Torí pé ó ń jò, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa bu omi kún un láìsinmi; nínú DDR4, ìdá mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan kò gbọdọ̀ kọjá kí wọ́n má tíì yí gbogbo ìkòkò kárí. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tí o kò tíì fi pamọ́ fi ń pòórá bí wọ́n bá mú iná tí bátìrì rẹ sì ti kú. Ìkòkò yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yára sí i láti ogún ọdún. Ohun tí àwọn ẹnjiníà sábà máa ń ṣe bí ìran tuntun bá ń bọ̀ ni pé wọ́n ń bù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan: DDR4 ń bu mẹ́jọ pọ̀, DDR5 ń bu mẹ́rìndínlógún. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó ẹrù rẹpẹtẹ, irú àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ AI, ni ìyẹn ń ṣe lóore jù lọ.

Ẹ̀rọ rẹ kò ní ìṣòro ìyára RAM. Àyè ni kò sí. Ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Igbóna lè fi yé ọ ju èmi lọ. Àtẹ tó wà níwájú rẹ̀ ni RAM, yàrá ẹrù tó wà lẹ́yìn ọjà lọ́hùn-ún ni hard disk. Bí àtẹ bá kún tí oníbàárà sì ní òun fẹ́ lace tí kò sí níbẹ̀, ó di dandan kó ká àdìrẹ kúrò, kó gbé e lọ sí yàrá ẹrù, kó tó gbé lace wá. Ohun tí Windows ń ṣe fún ọ nìyẹn bí 8GB rẹ bá kún. RAM inú ẹ̀rọ rẹ lè kó nǹkan bí 17,000MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Hard disk tó ń yí biribiri kò lè ju nǹkan bí 100MB lọ, kó tó sì rí ohun tó ń wá, orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn débẹ̀. Ìrìn yẹn fi nǹkan bí ìlọ́po 100,000, ọ̀kẹ́ márùn-ún gbáko, pẹ́ ju àkókò tí RAM fi ń dáhùn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń sùn lọ.

Má gbà mí gbọ́ lásán, wò ó fúnra rẹ. Ṣí iṣẹ́ tó máa ń dá ẹ̀rọ náà dúró, kí o tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager lè ṣí, kí o lọ sí Performance. Tí Memory bá ti wọ 90% tí Disk sì dúró lórí 100% láìkúrò, ọ̀rọ̀ parí. Kí o tó kúrò níbẹ̀, tẹ Memory, wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, wàá rí ibi tí wọ́n kọ Slots used sí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 1 of 2 lo máa bá níbẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ṣe ń wá láti òkè òkun.

Tó bá jẹ́ 1 of 2, ara ní láti yá ọ. RAM kan ń kó 17GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Bí o bá fi èkejì bíi tirẹ̀ kún un, processor á máa bù láti inú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó di 34GB. Ìlọ́po méjì tí ìran tuntun máa ń ṣèlérí, ihò tó ṣófo lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ ló ti ń fi dúró dè ọ́ látọjọ́ yìí. Ẹ̀rọ rẹ máa mọ̀ ọ́n lára ju ti ẹlòmíì lọ, torí ohun tó ń ya àwòrán sójú rẹ̀ kò ní mẹ́mọ́rì tirẹ̀, inú RAM kan náà ló ti ń bu jẹ. 32GB ni 840 G3 lè gbà pátá. Fún iṣẹ́ rẹ, 16GB á mú ìrora náà lọ; bí owó bá gbà á, 24 tàbí 32 kò burú. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó ńlá lọ́wọ́ rẹ torí pé 3200 ni wọ́n kọ sára RAM. 2133 ni processor rẹ mọ̀, orí 2133 náà ni yóò fà á padà sí. Lẹ́yìn ìyẹn, yọ hard disk yẹn kúrò kí o fi SSD sí i, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ hard disk láìní ohun tó ń yí nínú, tó sì yára jù ú lọ. Ká ní ọ̀kan ṣoṣo ni owó rẹ ká lónìí nínú RAM àti SSD, tí Task Manager sì fi ohun tí mo sọ yẹn hàn ọ́, RAM ni mo máa kọ́kọ́ rà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan á bá mi jiyàn lórí èyí, wọ́n á ní SSD ni. Fún ẹni tó kàn ń tẹ lẹ́tà tó sì ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, òótọ́ wọn ni.

Ọ̀rọ̀ iye owó wá kù, mo sì ní ẹ̀ṣẹ̀ kan lọ́rùn níbẹ̀. Ní 2016, bàbá kan tó ní ilé ìtẹ̀wé bi mí bóun ṣe lè fi RAM kún kọ̀ǹpútà òun méjì. Mo ní kí wọ́n dúró díẹ̀, pé DDR4 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni, á wálẹ̀. Náírà já lulẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn. RAM fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gòkè káàkiri ayé, gbogbo 2017 ló fi gòkè. Bàbá náà kò bá mi jà, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rí mi ní ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà, RAM wa ti wálẹ̀ àbí?” Láti ìgbà náà ni mi ò ti sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kó dúró torí pé nǹkan á wálẹ̀.

Irú ìgbà yẹn la tún bọ́ sí yìí, ó tiẹ̀ le jù ú lọ. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú mẹ́mọ́rì ayé: Samsung àti SK hynix ní Kòríà, Micron ní Amẹ́ríkà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kọjú sí HBM, irú mẹ́mọ́rì tí wọ́n ń tò lé ara wọn bí àwo fún àwọn ẹ̀rọ AI, torí ibẹ̀ ni owó wà. Chip tí wọ́n bá lò síbẹ̀ kò sí fún àwa mọ́. Nígbà tí 2025 fi máa parí, owó RAM ti fò sókè, ní oṣù Kejìlá sì ni Micron kéde pé òun ń jáwọ́ nínú Crucial, orúkọ tó fi ń ta RAM àti SSD fún àwa oníbàárà kéékèèké láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. DDR4 tí ọ̀rẹ́ rẹ ń pè ní ohun àtijọ́ wọ́n gan-an lọ́dún kan náà, torí àwọn tó ń ṣe é ń dín in kù. Bí ọ̀rọ̀ RAM ṣe rí nìyẹn: bí ìran kan bá ti ń kógbá sílé, kì í rọ̀ wọ́ọ́rọ́ bí ìrẹsì ìgbà ìkórè. Ó lè kọ́kọ́ wọ́n, kó tó di pé èyí tí wọ́n tú lára ẹ̀rọ tó ti kú kún ọjà. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní RAM ni kí o rà báyìí. Tòkunbọ̀ gan-an tó, RAM kì í sábà bàjẹ́.

Ẹ̀rọ ni ọ̀tọ̀. Àǹfààní tí DDR6 máa ṣe fún irú wa, n kò rò pé inú DDR6 fúnra rẹ̀ ló máa ti jáde. Ọjọ́ tí ọ́fíìsì ìlú Gẹ̀ẹ́sì bá bẹ̀rẹ̀ sí pààrọ̀ sí ìran tuntun, láptọ́ọ̀pù DDR5 ni wọ́n máa kó jùnù, èyí tí kọ̀ǹténà máa kó wá fún wa nìyẹn. Ìyẹn lo lè máa tọ́jú owó dè. Nígbà tí o bá sì ń rà á, kọ́kọ́ béèrè bóyá RAM rẹ̀ ní ihò àbí wọ́n jó o mọ́ motherboard. Ohun kan tún wà tí wọ́n ń pè ní CAMM2 tí JEDEC fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2023, pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń fi ìdè dè mọ́ motherboard, tó sì ṣeé tú. Lenovo ti lo ẹ̀yà rẹ̀ nínú ThinkPad P1 Gen 7. Bóun ló bá gbilẹ̀, inú àwa alátùn-únṣe á dùn.

Kí n má fi adùn ẹnu tàn ọ́, ibì kan wà tí RAM kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ dé. Processor irú i5 tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ, orí méjì péré, ìyẹn core, ló ní. Fídíò 4K á ṣì máa gbọ̀n jìgìjìgì lábẹ́ rẹ̀ àyàfi tí o bá kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà kékeré rẹ̀ tí wàá fi máa gé e, àkókò tó sì ń lò láti gbé fídíò jáde tán kò ní dín kù tó bí o ṣe fẹ́. Microsoft náà ti dẹ́kun ìtọ́jú Windows 10 láti oṣù Kẹwàá 2025, processor ìran kẹfà kò sì sí lára àwọn tí Windows 11 fọwọ́ sí. Nítorí náà RAM kan àti SSD kan ni kí o ná sí i, má kọjá ibẹ̀. SSD yẹn, wàá lè tú u sínú ẹ̀rọ mìíràn tàbí kó di ohun tí o fi ń kó fídíò pamọ́. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ láìkùn, tó kàn ń wù ú láti pààrọ̀, òun ni kó dúró de DDR6 dáadáa, kò sí ohun tó ń sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí o bá ń lọ rà á, gbé láptọ́ọ̀pù náà dání, má kàn ka nọ́ńbà fún wọn. Lẹ́bẹ́ẹ̀lì tuntun kò nira láti lẹ̀ mọ́ RAM àtijọ́. Jẹ́ kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà pátápátá, kí wọ́n yọ wáyà iná kúrò kí wọ́n tó fi í sí ihò. Tó bá wọlé dáadáa, wàá gbọ́ kí etí irin méjèèjì dún kọ́. Fi CPU-Z, ètò tó ń fi ohun tó wà nínú ẹ̀rọ hàn, sórí ẹ̀rọ náà látilé, òfẹ́ ni. Ṣí ojú ìwé SPD nínú rẹ̀ níwájú wọn, kí o wo bóyá DDR4 àti 8GB ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, kí o sì wo ojú ìwé Memory bóyá Dual tàbí 2 x 64-bit ló kọ síbi Channel, ìyẹn ni pé RAM méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Kí o tó sanwó o.